Sens kékeré àbí sens ńlá: èwo ló bá ọwọ́ yín àti géèmù yín mu?

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, máòsì kan, tábìlì kan. Tó bá gbá Apex Legends tán tó dìde, tí mo wá jókòó láti gbá Counter-Strike 2 (CS2), géèmù ìbọn ni méjèèjì, mo kàn máa fọwọ́ kan máòsì báyìí ni, ojú mi á ti yí lọ sára ògiri ẹ̀yìn. Ó ti tẹ bọ́tìnnì DPI tó wà lórí máòsì nìyẹn, ó ti gbé e sí 1600. Èmi á dá a padà sí 800. Tóun náà bá padà dé, á ní "Bọ̀dá mi, kí lẹ tún ṣe sí máòsì yìí, ó dà bí ìgbà téèyàn ń ti mọ́tò tó bàjẹ́." Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kálukú rò pé èkejì ò mọ ohun tó ń ṣe, àfìgbà tí a mú téèpù tí ìyá wa fi ń ránṣọ tí a fi wọn gbogbo ẹ̀, la wá rí i pé kò sẹ́ni tó ṣì í nínú àwa méjèèjì. Géèmù wa ló yàtọ̀, bí a ṣe ń jókòó ló yàtọ̀, ibi tí ọwọ́ wa ti ń yí ló yàtọ̀.

Torí náà tẹ́nì kan bá bi mí pé "sens (sensitivity, bí ojú yín ṣe ń yára yí tó nínú géèmù) mélòó ló dáa jù", èmi náà máa ń bi í padà ni: géèmù wo, àyè mélòó lẹ ní lórí tábìlì, ọrùn ọwọ́ lẹ fi ń yí àbí ìgúnpá? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká wò ó.

Kí ẹ tó fi wéra, ẹ mọ ohun tí ẹ ń kà

Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. DPI wà lára máòsì fúnra ẹ̀, òun ló ń sọ iye ìgbà tí máòsì máa ké sí kọ̀ǹpútà tó bá rìn ínǹṣì kan péré lórí tábìlì, 800 DPI túmọ̀ sí ìgbà 800. Sens wà nínú géèmù, òun ló ń sọ bí ojú yín ṣe máa yí tó fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí máòsì ké. Ibi tí wàhálà wà nìyí: géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tiẹ̀. Tí sens bá jẹ́ 1, CS2 máa yí ojú yín ní 0.022 dígírì fún ìgbà kan, Apex náà bẹ́ẹ̀ torí láti ara Source, ẹ́ńjìnnì géèmù ti Valve, ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, Valorant máa yí i ní 0.07, Overwatch 2 ní 0.0066. Ẹ wá rí i pé tẹ́nì kan bá ní "sens mi jẹ́ 2", kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. 2 ní CS2 dáa. 2 ní Valorant, pẹ̀lú 800 DPI, ìjì ni.

Tẹ́ ẹ bá táìmsì DPI àti sens, ohun tó jáde ni wọ́n ń pè ní eDPI. Ó wúlò, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń gbá géèmù kan náà nìkan ló wúlò. Ẹ má fi eDPI Valorant wé ti CS2 láé. Ohun tó ṣe é fi wé láti géèmù sí géèmù ni iye sẹ̀ǹtímítà tí máòsì máa rìn kí ojú yín tó yí po lẹ́ẹ̀kan, dígírì 360. Òun ni màá máa lò láti ibí lọ, màá sì máa pè é ní "ìyípo". Ìyípo tó gùn ni sens kékeré, ìyípo tó kúrú ni sens ńlá.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Fún CS2 àti Apex, ẹ fi eDPI yín pín 41,564. Fún Valorant, ẹ fi pín 13,063. Fún Overwatch 2, ẹ fi pín 138,545. Sẹ̀ǹtímítà ló máa jáde. Èmi tí mò ń lo 800 DPI àti sens 1 ní CS2, eDPI mi jẹ́ 800, ìyípo mi jẹ́ 52 sẹ̀ǹtímítà. Àbúrò mi tó ń lo 1600 àti 0.9 ní Apex, 1440 ni tiẹ̀, ìyípo ẹ̀ ò ju 29 lọ. Ẹ ò rí i, tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó tèmi lọ́nà méjì.

Tẹ́ ò bá fẹ́ ṣírò, ẹ gbé téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì, ẹ fi crosshair (àmì àárín skrín tí ẹ fi ń fojú sun ìbọn) sí àmì kan lára ògiri nínú géèmù, ẹ wá fa máòsì lọ sọ́tùn-ún gbọọrọ títí àmì yẹn á fi padà wá bá yín. Ibi tí máòsì dúró sí lórí téèpù ni ìyípo yín. Tí tábìlì ò bá gùn tó, ẹ wọn ìdajì, ẹ sọ ọ́ di méjì.

Sens kékeré sí sens ńlá, gbangba

Ẹ kọ́kọ́ wo sens kékeré, tí mo kà sí ìyípo láti 45 sẹ̀ǹtímítà sókè. Ìgúnpá àti èjìká ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo apá ló ń rìn. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé àṣìṣe ọwọ́ kì í pọ̀ lójú géèmù. Ọwọ́ gbogbo èèyàn ló máa ń gbọ̀n díẹ̀, pàápàá tó bá ku ẹ̀yin nìkan tí gbogbo ọ̀rẹ́ yín sì ń wò yín. Ká ní ọwọ́ yín gbọ̀n mìlímítà kan péré: ní ìyípo 52, ojú yín máa ṣí kúrò ní 0.7 dígírì, ní ìyípo 29 ó máa ṣí kúrò ní 1.25. Ẹ lè ní kí nìyẹn já mọ́. Ẹ wò ó báyìí, orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, tó bá dúró sí 20 mítà sí yín, gbogbo fífẹ̀ orí yẹn lójú yín ò ju 0.57 dígírì lọ. Mìlímítà kan tí àbúrò mi bá ṣì í, crosshair ẹ̀ ti fo orí méjì kọjá. Tèmi náà máa kúrò lórí orí, ṣùgbọ́n inú àdúgbò ẹ̀ ló ṣì wà, ìdápadà kékeré ló máa gbà.

Ìdí nìyẹn tí sens kékeré fi bá CS2 àti Valorant mu. Nínú CS2, ọta AK-47 kan ṣoṣo lórí, ó parí, ìbáà jẹ́ pé ọ̀tá yín dé akoto. Vandal inú Valorant náà bẹ́ẹ̀, ní ibikíbi tó bá wà. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré kiri nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn torí ìbọn ò ní lọ síbi tí wọ́n fẹ́, wọ́n máa ń dúró ni. Ẹ ti gbé crosshair sí ibi tí orí ẹni yẹn máa gbà jáde kó tó jáde, ohun tó kù fún yín láti ṣe kò ju kí ẹ sún un díẹ̀. Iṣẹ́ ìka àti ìfarabalẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ eré sísá.

Ìyà tó wà nínú sens kékeré ni àyè. Tẹ́nì kan bá wá láti ẹ̀yìn, èmi gbọ́dọ̀ fa máòsì ní 26 sẹ̀ǹtímítà kí n tó kọjú sí i, àbúrò mi ò ní ju 14 àbọ̀ lọ. Tí àyè ò bá sí, ẹ máa gbé máòsì sókè, ẹ máa dá a padà sáàárín, ẹ tún fà á, nígbà yẹn onítọ̀hún ti pa yín. Ó tún máa ń rẹ èjìká, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Sens ńlá, ìyípo láti bí 20 sí 30, ọrùn ọwọ́ àti ìka ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Apá lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù ni géèmù tí ọ̀tá kì í dúró: Apex, tí wọ́n ń yọ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń gun ògiri, tí wọ́n ń fò kọjá lórí yín. Ẹ̀mí 100 àti shield (ààbò ara) lórí ẹ̀, ọta kan kì í sábà pa èèyàn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lẹ crosshair mọ́ ọn lára fún ọ̀pọ̀ ọta léraléra. Ẹni tó wà ní 5 mítà sí yín, tí àyà ẹ̀ fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó dígírì márùn-ún àbọ̀ lójú yín, mìlímítà kan tó ṣì í ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ohun tó máa ṣe yín níbi ni pé kí ẹni yẹn sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ọwọ́ yín má lè yí tẹ̀lé e. Mo ti gbá Apex pẹ̀lú ìyípo 52 mi rí, ẹni tó bá wà lókèèrè, mo ń mú un dáadáa, ẹni tó bá ti wọlé tọ̀ mí wá nínú yàrá, mi ò rí i mọ́.

Ìyà tiẹ̀ ni pé ọrùn ọwọ́ ló ń gba gbogbo iṣẹ́. Tó bá ń dun yín lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, tí ìka ń kú, ẹ má fi agídí ṣe é, ẹ jẹ́ kí ìyípo gùn sí i kí apá bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù yẹn. Tó bá sì wá jẹ́ èjìká ló ń dun yín nínú sens kékeré, ẹ kọ́kọ́ wo àga yín kí ẹ tó yí nọ́ńbà. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ wà ní déédéé tábìlì. Àga oníke tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kúrú jù, èjìká mi máa ń gòkè bíi ti ẹni tí òtútù ń mú, mo sì ti ń fi ẹ̀sùn kan sens láìmọ̀ pé tìmùtìmù kan lábẹ́ ìdí ló máa yanjú ẹ̀.

Àárín méjèèjì, ìyípo 30 sí 45, ni mo máa ní kí ẹni tó ń gbá géèmù tó pọ̀ dúró sí. Kò dáa jù níbì kankan, kò sì burú níbì kankan.

Nínú géèmù kan náà gan-an, ipò tí ẹ ń gbá lè yí i padà. Ẹni tó ń gbá Widowmaker ní Overwatch 2, tó dúró sókèèrè tó ń fi scope (awò orí ìbọn) mú orí, kò nílò ohun tí ẹni tó ń gbá Tracer nílò, torí Tracer máa fò gba inú ọ̀tá kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ yíjú padà kíá láti yìnbọn lù ú lẹ́yìn.

Tábìlì yín ló máa kọ́kọ́ pinnu

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn ti máa ń ṣe yín ní jàǹbá nìyí, wọ́n á gbà pé páàdì ńlá tó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì dé òpin ẹ̀ wà níwájú yín. Ká ní tábìlì kékeré lẹ ní, tí láptọ́ọ̀pù gba ìdajì ẹ̀, tí ìwé àti fáànù kékeré gba ìyókù ńkọ́?

Òfin tí èmi ń lò rèé, èmi ni mo ṣe é fún ara mi: láti àárín àyè yín dé etí ẹ̀, ó kéré tán kí ojú yín lè yí 150 dígírì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ohun tó jáde ni pé ẹ fi 1.2 táìmsì fífẹ̀ àyè tí máòsì lè rìn, kí ìyípo yín má ju iye yẹn lọ. Páàdì tó fẹ̀ ní 45 sẹ̀ǹtímítà, tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, máa gba ìyípo dé 54. Àyè 25 ò gbọ́dọ̀ kọjá 30.

Èmi àti àbúrò mi ò ṣe lè lo sens kan náà lórí tábìlì kan náà nìyẹn. Èmi máa ń ti kíbọọ̀dù sápá òsì, màá dá a ní ìdábùú, mo ń rí 45. Òun fẹ́ kí kíbọọ̀dù dojú kọ òun tààrà, ó ń ṣẹ́kù 25 sí i. 29 tó ń lò bá òfin yẹn mu, kó tó mọ òfin kankan. Ọwọ́ ẹ̀ ti rí i fúnra ẹ̀.

400, 800, 1600

Tí ìyípo ò bá yàtọ̀, ǹjẹ́ DPI tún ní ohun tó ń ṣe? Ó ní, ṣùgbọ́n ó kéré sí bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀. 400 táìmsì 2, 800 táìmsì 1, 1600 táìmsì 0.5, gbogbo ẹ̀ jẹ́ eDPI 800, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìyípo 52 ní CS2. Ìyàtọ̀ wà nínú bí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe kéré tó: 400 máa fo 0.044 dígírì lẹ́ẹ̀kan, 800 máa fo 0.022, 1600 máa fo 0.011. Bí ìgbà téèyàn ń rìn pẹ̀lú ìṣísẹ̀ ńlá àti ìgbà tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Fún ẹni tó ní sens kékeré, 400 náà ti kéré tó. Fún ẹni tó fẹ́ ìyípo 25 ní 400 DPI, ó máa gbé sens CS2 lọ sí 4 lé díẹ̀, ìṣísẹ̀ kan á wá di 0.09 dígírì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé crosshair ń fò fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lórí ohun tó wà lókèèrè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lo 1600.

DPI tó ga tún máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè gbọ́ pé máòsì ti kúrò lójú kan, ìyàtọ̀ tín-ín-rín ni ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, 800 tàbí 1600, èwo tó bá wù yín. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Counter-Strike tó ṣì wà lórí 400, àṣà ló mú wọn dúró síbẹ̀, irú máòsì tí wọ́n fi kọ́ géèmù, bíi IntelliMouse Explorer 3.0 ti Microsoft, 400 náà ló ní. 16,000 àti 30,000 tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìpolówó ni, ẹ má san owó torí ìyẹn.

Ẹ gbé polling rate (iye ìgbà tí máòsì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sí 1000 kí ẹ sì gbàgbé ẹ̀. 4000 àti 8000 máa ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ CPU, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára máa bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀.

Láti géèmù kan bọ́ sí èkejì

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyípo tẹ́ ẹ fẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ nìyí, gbogbo ẹ̀ ní 800 DPI. Ẹ̀yin tó wà lórí 1600, ẹ pín in sí méjì.

| Ìyípo | CS2 àti Apex | Valorant | Overwatch 2 |
|---|---|---|---|
| 52 cm | 1.00 | 0.314 | 3.33 |
| 40 cm | 1.30 | 0.408 | 4.33 |
| 30 cm | 1.73 | 0.544 | 5.77 |

Láti CS2 lọ sí Valorant, ẹ fi 3.18 pín in. Láti CS2 lọ sí Overwatch 2, ẹ fi 3.33 táìmsì ẹ̀. Apex ò yí padà.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹ lè ṣe gbogbo ìṣirò yìí kó péye, kó tún máa ṣe yín bíi pé kì í ṣe sens yín. Bí géèmù ṣe ń la ojú tó ló fà á. Valorant ń fi 103 dígírì hàn yín. CS2 lórí skrín 16:9 ń fi bí 106 hàn, ìyẹn ò jìnnà síra, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé CS2 sí 4:3 tí ẹ fà á gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bo gbogbo skrín, 90 dígírì péré ló kù níbẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dà bí ẹni pé ó ń sáré sí ẹ̀gbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sens ò yí padà rárá, ojú ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Ṣé ká da nọ́ńbà àwọn aṣáájú kọ ká lò ó?

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. s1mple, ọmọ Ukraine tó ń gbá Counter-Strike, HLTV (ìkànnì ìròyìn Counter-Strike) fi í ṣe àkọ́kọ́ lágbàáyé fún 2018, 2021 àti 2022. ZywOo, ọmọ Faransé, wọ́n fi í ṣe àkọ́kọ́ fún 2019, 2020 àti 2023. Ìbọn kan náà ni wọ́n mọ àwọn méjèèjì mọ́, AWP, ìbọn onískópù tí wọ́n fi ń yìnbọn láti òkèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, s1mple lo 400 DPI àti sens 3.09, ìyẹn eDPI 1236, ìyípo bíi 34 sẹ̀ǹtímítà. ZywOo lo 400 àti 2.0, eDPI 800, ìyípo 52. Àwọn méjì tí wọ́n ń gba ipò kìíní lọ́wọ́ ara wọn, ìbọn kan náà, géèmù kan náà, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 18 ló wà láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá da ti ọ̀kan kọ, kí lẹ fẹ́ ṣe pẹ̀lú ti èkejì?

Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni ibi tí wọ́n ò dé. Ẹ̀ ò ní tètè rí aṣáájú CS2 kan tó wà ní ìyípo 12. Torí náà ẹ fi wọ́n mọ ààlà, ẹ má fi wọ́n mú nọ́ńbà.

Nígbà tí kì í ṣe sens ló jẹ̀bi

Mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí dáadáa torí àwa méjèèjì ti fi àkókò ṣòfò síbi yìí gan-an.

Àkọ́kọ́, Windows ní nǹkan kan tó ń jẹ́ Enhance pointer precision, ó wà nínú ètò máòsì. Tó bá wà ní títàn, bí ọwọ́ yín ṣe yára tó ló máa pinnu ibi tí máòsì máa gbé yín dé, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tẹ́ ẹ fà kíá àti mẹ́wàá tẹ́ ẹ fà jẹ́jẹ́ ò ní já síbì kan náà. Ọwọ́ ò lè há ohun tó ń yí padà báyìí sórí bọ̀rọ̀. Ẹ pa á. Ẹ fi pointer speed sí àárín, ìlà kẹfà nínú mọ́kànlá. Raw input máa ń jẹ́ kí géèmù fo ètò Windows dá, tẹ́ ẹ bá rí i nínú géèmù yín, ẹ tàn án. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ ń lo irú nǹkan báyìí, tí wọ́n ń pè ní acceleration, láti ayé géèmù àtijọ́ Quake ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sens ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ ná.

Ìkejì ni kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, ó máa ń dín agbára ẹ̀ kù, fps (iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) á já wálẹ̀, máòsì á wá wúwo lọ́wọ́. Mo ti gbé sens mi sókè lẹ́ẹ̀mejì torí irú nǹkan báyìí, iná dé, ó di pé mò ń fò kọjá lórí gbogbo èèyàn. V-Sync, ètò tó ń mú kí àwòrán géèmù bá skrín rìn pọ̀, náà máa ń fà á sẹ́yìn, ẹ pa á. Tí sáfà bá sì jìnnà tí píńgì ga, ẹ máa yìnbọn síbi tí ẹ rí ẹni yẹn, kó má kàn án, ìyẹn náà ò kan sens.

Ìkẹta, òógùn àti eruku. Nínú ooru, apá máa ń lẹ̀ mọ́ páàdì, ẹni tó ń lo sens kékeré ló ń jìyà ẹ̀ jù torí gbogbo apá ẹ̀ ló ń rìn. Mo gé ẹsẹ̀ sókìsì gígùn kan kúrò, mo fi bọ apá, ó tán. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ inú aṣọ páàdì, máòsì á máa há díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ nu ìsàlẹ̀ máòsì. Ó lè yà yín lẹ́nu bí sens tẹ́ ẹ ti ń bá jà ṣe máa tún dùn lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa mú tiyín

Ọ̀nà méjì ni mo ti rí. Àbúrò mi lo èyí tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kan, wọ́n á gbìyànjú èyí tó kéré sí i gan-an àti èyí tó ju ú lọ gan-an, wọ́n á mú èyí tó dùn jù, wọ́n á tún máa mú ìyàtọ̀ yẹn kéré sí i títí á fi dúró sí ojú kan. Ó yá, wákàtí kan ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe é ní àárọ̀, ohun tó jáde yàtọ̀ sí ti alẹ́, torí ohun tó bá dùn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe ohun tí ọwọ́ máa mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi lọ́ra, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìyípo 40, tàbí iye tí òfin 1.2 fún yín tó bá kéré jù 40 lọ. Ẹ wọ ibi ìdánrawò, Range inú Valorant tàbí CS2 láìsí ọ̀tá, Aim Lab náà wà lórí Steam lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú àmì kan lára ògiri, ẹ máa rìn sọ́tùn-ún rìn sósì níwájú ẹ̀ kí crosshair má kúrò lórí ẹ̀. Tí crosshair bá ń fà sẹ́yìn àmì, sens ti kéré jù fún yín. Tó bá ń gbọ̀n kọjá síwájú sẹ́yìn, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ẹ mú àmì méjì tó jìnnà síra, ẹ fò láti ọ̀kan sí èkejì ní ìgbà ogún, ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ kọjá ẹ̀ àti iye ìgbà tí ẹ ò dé ibẹ̀. Tó bá pín sí méjì bákan náà, ọwọ́ ni kò tíì mọ́, ẹ fi sens sílẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá pọ̀ gan-an, nígbà yẹn ni kí ẹ yí i, kí ó má ju ìdá mẹ́wàá lọ, láti 1.30 sí 1.17 tàbí sí 1.43.

Ẹ wá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ló le jù. Ẹ máa pàdánù gan-an lọ́jọ́ kan, ọwọ́ á máa yún yín láti lọ yí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yí i. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, déètì àti nọ́ńbà, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ti scope, ẹ parí ti gbangba ná kí ẹ tó dé ibẹ̀. zoom_sensitivity_ratio inú CS2 wà ní 1.0 bí wọ́n ṣe fún yín, ọ̀pọ̀ tó ń gbá AWP máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 0.82 kí ìrìn crosshair nínú scope lè sún mọ́ ti ìta. Fún ẹni tí ìyípo ẹ̀ ti gùn bíi tèmi, ó máa wúwo díẹ̀, 1.0 tẹ́ mi lọ́rùn.

Báwa méjèèjì ṣe wá ṣe é nìyí. A gbé máòsì sí 1600 pátápátá torí sens àbúrò mi ló ń jàǹfààní DPI tó ga jù, tèmi ò sì pàdánù nǹkan kan. Sens CS2 mi di 0.5, Valorant mi di 0.157, 0.9 ẹ̀ ní Apex ò kúrò níbi tó wà. Ìyípo mi ṣì jẹ́ 52, tiẹ̀ ṣì jẹ́ 29. Àbúrò mi wá gé sẹ́lótéèpù dúdú kékeré kan, ó fi lẹ bọ́tìnnì DPI yẹn pa.